Àtíbàbà àdúgbò fún ayẹyẹ àṣà: bí ẹ ṣe máa gbèrò rẹ̀ àti bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú àtíbàbà tí mò ń wí. Kì í ṣe èyí tí wọ́n máa ń fi tapólì ta láàárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ, tí wọ́n á sì tú palẹ̀ kó tó di alẹ́. Èyí ní ìpìlẹ̀, ó ní òpó, ó ní òrùlé tó dúró gbọn-in, ṣùgbọ́n kò ní ògiri yíká. Ẹni tó ń kọjá lọ á rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó sì lè yà wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tó fi dára fún ijó, ìlù, ìtàn sísọ, eré orí ìtàgé àti ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́. Ìdí náà nìyẹn tó fi ṣòro láti kọ́ dáadáa. Ògiri máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí ògiri, oòrùn, ẹ̀fúùfù, òjò àti ariwo kò ní gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó wọlé.

Owó kọ́ ló sábà máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́, ìkánjú ni. Ará àdúgbò á pàdé, inú gbogbo ènìyàn á dùn, ẹnì kan á ní òun mọ bíríkìlà kan, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀. Ìgbà tí òrùlé bá dúró tán ni wọ́n á tó mọ̀ pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gún oníjó lójú, pé kò síbi tí wọ́n lè kó ìlù sí, pé omi ń dúró sí àárín ilẹ̀. Ààyè tó wà lábẹ́ òrùlé gan-an ni ẹ ń kọ́. Òrùlé kàn ń ṣọ́ ọ ni.

Ẹ bi àwọn tó máa lò ó

Ẹ má bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́. Tí ẹ bá béèrè bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó wà láyé ni wọ́n máa kà fún yín. Ẹ bi wọ́n pé: nígbà tí ẹ ṣeré kẹ́yìn, ẹ mélòó lẹ jẹ́? Ibo lẹ ti pààrọ̀ aṣọ? Níbo lẹ kó ẹrù yín sí nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀? Ta ni kò rí ìjókòó? Ìdáhùn sí irú ìbéèrè báyìí ló ṣeé fi yàwòrán.

Ẹ máa rí i pé ohun tí wọ́n nílò kò bára mu. Oníjó fẹ́ ilẹ̀ tó fẹ̀ tí kò sì le jù. Onítàn fẹ́ kí àwọn tó ń gbọ́ òun sún mọ́ òun. Onílù fẹ́ ibi tó ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́. Àwọn tó ń pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ fẹ́ òpó tí wọ́n lè so okùn mọ́, àti ìmọ́lẹ̀ tí kò yí àwọ̀ nǹkan padà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì yan mẹ́ta tó máa ń wáyé jù lọ láàárín ọdún. Àwọn mẹ́ta yẹn ni kí àtíbàbà náà bá mu wẹ́kú. Àwọn yòókù á fara mọ́ ọn.

Ilẹ̀ náà

Kí ẹnikẹ́ni tó ná owó kankan, ẹ rí ìwé ilẹ̀ náà pẹ̀lú ojú yín, kí ẹ sì mọ orúkọ ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹnì kan kàn fi ẹnu yọ̀ǹda rẹ̀ lè di ìjà lọ́jọ́ tí ẹni náà bá kú tàbí tó bá kó lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tàbí iléeṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́, kí ẹ béèrè ohun tí òfin wí nípa ilé tí èrò máa ń pé sí. Ilé ìpéjọpọ̀ àti ilé ìgbé kì í sábà ní òfin kan náà.

Ẹ lọ wo ilẹ̀ náà nígbà tí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ibi tí omi bá ń gbà kọjá, ẹ má kọ́lé dí i. Omi kì í gbàgbé ọ̀nà. Ẹ gbẹ́ kòtò méjì tàbí mẹ́ta tó jìn tó mítà kan. Ẹ bu ilẹ̀ ìsàlẹ̀ kòtò náà sọ́wọ́, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó, ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni ń lọ́ okùn. Tó bá gùn tí kò já, amọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wú tó bá mumi, ó sì máa ń sún kì tó bá gbẹ, ìpìlẹ̀ tó bá wà lórí rẹ̀ á máa gbéra, á máa sọ̀. Ẹ da omi sínú kòtò náà pẹ̀lú. Tí ẹ bá bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ ti mọ̀ pé ojú ọ̀nà omi máa gba yín lówó. Gbogbo èyí kò ní kí ẹ má pe ẹni tó mọ̀ nípa ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó ti ní ohun tí ẹ máa bi í.

Ẹ tún wo ilé tó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí.

Okùn àti èèkàn: ẹ dán an wò kí ẹ tó kọ́ ọ

Nínú gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo kọ síbí, èyí ló dínwó jù, òun náà sì ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Ẹ ra okùn, ẹ gé èèkàn, kí ẹ fi wọ́n sàmì sí ibi tí àtíbàbà náà máa dé lórí ilẹ̀ gan-an. Ẹ ri igi gígùn mọ́ ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan máa wà. Ẹ fi okùn tó ní àwọ̀ mìíràn sàmì sí pèpéle. Kí ẹ wá pe ènìyàn bí ogún tàbí ọgbọ̀n kí wọ́n gbé àga wá ní wákàtí tí ayẹyẹ yín sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀sán gangan tó bá jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ lẹ máa ń ṣeré.

Kí ẹnì kan dúró níbi pèpéle kó sọ ìtàn láìlo ẹ̀rọ. Kí àwọn méjì jó. Kí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlera gba ibi tí ẹ pè ní ọ̀nà àbáwọlé kọjá, kó sì yí padà láàárín àga. Kí àwọn tó jókòó sẹ́yìn òpó sọ ohun tí wọn kò rí.

Mo wà níbi ìdánwò báyìí nígbà kan. Ìyá àgbà kan jókòó sí ìlà kẹta, ó fọwọ́ bojú bí ẹni tó ń wo ọ̀nà jíjìn, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ohùn yín ni mò ń gbọ́, n kò rí yín o.” Oòrùn ti wọ ẹ̀yìn àwọn oníjó, òjìji lásán ni wọ́n jẹ́ lójú gbogbo wa, àwa kò sì sọ̀rọ̀, a rò pé ojú tiwa ni kò dáa. A fa èèkàn tu, a yí gbogbo rẹ̀ padà. Kò gbà wá ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ká ní kọnkéré ti gbẹ ni, à bá máa wo òjìji títí di òní.

Ìwọ̀n

Ẹni tó jókòó sórí àga tí wọ́n tò ní ìlà máa ń gba nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 0.9, tí a bá ti ka ọ̀nà tí èèyàn máa gbà kọjá mọ́ ọn. Tí tábìlì bá wà níwájú wọn, ẹ ka 1.5.

Ẹ má fi ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù láàárín ọdún ṣe ìwọ̀n. Àtíbàbà tó gba ẹgbẹ̀rún èèyàn, tí àádọ́rin péré máa ń jókòó sínú rẹ̀, ibi òfìfo ni, ayẹyẹ inú rẹ̀ kò sì ní dùn. Ẹ wọn ọ́n fún èrò tó máa ń wá déédéé, kí ẹ fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí àpọ̀jù lè dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ ńlá.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí a máa lò títí dé òpin: mítà 14 ní gígùn, mítà 10 ní ìbú. Pèpéle wà ní àárín ẹ̀gbẹ́ gígùn tó wà lẹ́yìn, ó jẹ́ mítà 8 sí mítà 4. Ọ̀tún àti òsì pèpéle ku mítà 3 sí mítà 4 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ẹ mọ ògiri yí ọ̀kan ká kó di ibi ìkẹ́rùsí, kí ẹ fi èkejì ṣe ibi tí òṣèré máa dúró sí kó tó jáde. Ohun tó kù níwájú jẹ́ mítà 14 sí mítà 6, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 84, ó gba nǹkan bí ènìyàn 90 lórí àga.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé pèpéle sí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú, bí ti ilé ìwé. Èmi kò fara mọ́ ọn. Tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ gígùn, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá kò jìnnà ju mítà 6 sí iwájú pèpéle, ó ń rí ojú onítàn, ó ń rí ẹsẹ̀ oníjó.

Oòrùn, pèpéle àti àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò dáa

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú kọjú sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló máa ń rẹlẹ̀ tó fi ń wọ abẹ́ òrùlé, ẹ̀gbẹ́ kúkúrú nìkan ni wọ́n sì máa rí gbà wọlé báyìí. Pèpéle kò ní wà níwájú oòrùn, kò sì ní kọjú sí i. Tí ìrísí ilẹ̀ yín kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ fi igi tàbí pákó aláàlàfo dí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn.

Kí pèpéle ga tó sẹ̀ǹtímítà 45. Tó bá kéré sí èyí, ẹsẹ̀ oníjó kò ní hàn lẹ́yìn ìlà kẹta. Tó bá ga jù, ọmọdé tó bá já bọ́ á farapa, àwọn tó wà níwájú á sì máa wo òkè. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 ló máa gbé èèyàn débẹ̀.

Àtẹ̀gùn nìkan kò tó. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ aláìlera lè gbà gbọ́dọ̀ wà, ìṣirò rẹ̀ sì rọrùn: tó bá gòkè ní sẹ̀ǹtímítà kan, kó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12. Tí ilẹ̀ àtíbàbà bá fi sẹ̀ǹtímítà 30 ga ju ilẹ̀ ìta lọ, ọ̀nà yẹn máa gùn tó mítà 3.6. Ti pèpéle máa tó mítà 5.4. Ẹ rí i pé kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi há ibikíbi lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Inú àwòrán ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó fẹ̀ tó mítà 1.2, kó ní ọwọ́ ìdìmú. Ẹ má ṣe ti pèpéle lọ́nà tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé ni aláìlera á ti máa yọ́ gòkè bí olè.

Ẹ̀fúùfù

Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Èrò ọ̀pọ̀ wa ni pé iṣẹ́ òpó ni láti gbé òrùlé dúró kó má wó lulẹ̀. Ní àtíbàbà tí kò ní ògiri, ìdajì iṣẹ́ òpó ni láti di òrùlé mú kó má fò lọ. Ẹ̀fúùfù máa ń wọ abẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń wọ abẹ́ agbòòrùn, ó ń tì í sókè látìsàlẹ̀, ó tún ń fà á látòkè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò àpẹẹrẹ wa. Tí etí òrùlé bá yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 90 yíká, òrùlé náà á bo mítà 15.8 sí mítà 11.8, ìyẹn nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 186. Ẹ̀fúùfù tó ń sáré kìlómítà 108 láàárín wákàtí kan ní agbára tó tó ìwọ̀n kìlógíráàmù 55 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Tí gbogbo rẹ̀ bá kó sábẹ́ òrùlé yẹn, ó ju tọ́ọ̀nù 10 lọ tó ń fà á sókè. Òrùlé páànù àti igi tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lè máà wúwo ju tọ́ọ̀nù 3.5 lọ.

Tí òpó bá jẹ́ mẹ́wàá, márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ ni ẹ̀fúùfù ń fà lára òpó kọ̀ọ̀kan. Ìwúwo òrùlé tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 350. Ẹsẹ̀ kọnkéré tí òpó dúró lé nínú ilẹ̀, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80 sí 80, tó nípọn ní 30, wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 460. Ilẹ̀ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 60 tí ẹ bò lé e lórí á fi nǹkan bíi 650 kún un. Ẹ ro ó pọ̀: ó lé ní kìlógíráàmù 1,400. Ó ju ohun tí ẹ̀fúùfù ń fà lọ, ṣùgbọ́n kò jù ú lọ púpọ̀, igun ilé sì ni ẹ̀fúùfù ti máa ń le jù. N kò kọ ìṣirò yìí kí ẹ lè fi kọ́lé. Mo kọ ọ́ kí ẹ lè mọ ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ sanwó fún ẹnjiníà, kí ẹ sì mọ̀ pé nígbà tó bá ní kí ẹ gbẹ́ kòtò tó tóbi, kì í ṣe pé ó fẹ́ ná yín lówó.

Ìwúwo ìsàlẹ̀ kò wúlò tí kò bá so mọ́ òkè. Páànù so mọ́ igi, igi so mọ́ férémù òrùlé, férémù so mọ́ òpó, òpó so mọ́ ìpìlẹ̀: ẹ fi ìka tọ ọ́ láti òkè délẹ̀ lórí àwòrán, kí ẹ béèrè ní oríkèé kọ̀ọ̀kan pé, “Kí ló di èyí mú?” Tí wọ́n bá ní ìṣó lásán, kò tíì tó. Bóòtì, àti irin pẹlẹbẹ tó gba orí igi kọjá tó sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ sì fi igi tàbí irin dábùú láàárín àwọn òpó kan ní ìlà gígùn àti ìlà kúkúrú, nítorí férémù onígun mẹ́rin tí kò ní ìdábùú máa ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Owó àti òṣìṣẹ́, ní ṣókí

Èèyàn méjì ni kó máa fọwọ́ sí owó. Ìwé ìnáwó gbọ́dọ̀ wà níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún pamọ́ fún ohun tí ẹ kò rí tẹ́lẹ̀. Ẹ bá agbaṣẹ́ṣe kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ máa wà lọ́wọ́ yín títí òjò ńlá àkọ́kọ́ á fi kọjá. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá yín jà lórí èyí.

Ní ti àwọn ará àdúgbò tó fẹ́ fi ara wọn ṣiṣẹ́: ẹ fún wọn ní ọ̀dà kíkùn, igi gbíngbìn, pàǹtírí kíkó. Ẹ má fún wọn ní irin, iná tàbí orí òrùlé.

Láti orí okùn dé orí kọnkéré

Kí igun ilé lè gún régé, ẹ wọn mítà 3 sí apá kan láti igun, mítà 4 sí apá kejì. Tí àárín orí méjèèjì bá jẹ́ mítà 5 géérégé, igun náà gún. Ẹ wá fi tépù wọn láti igun sí igun tó dojú kọ ọ́. Fún ilé mítà 14 sí mítà 10, ọ̀nà méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 17.20. Tí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀.

Ẹ gbẹ́ ìpìlẹ̀ dé ibi tí ilẹ̀ ti le. Níbi tí ilẹ̀ ti máa ń dì nígbà òtútù, ó gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí dídì náà máa ń dé. Irin inú ìpìlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fara kan ilẹ̀; ẹ fi búlọ́ọ̀kù kéékèèké tí ẹ fi sìmẹ́ǹtì rọ gbé e sókè kí kọnkéré tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 bò ó yíká. Òkúta wẹ́wẹ́ tí òṣìṣẹ́ bá kàn mú láti ilẹ̀ máa ń yẹ̀ kúrò nígbà tí wọ́n bá ń da kọnkéré.

Sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà ń pò fún ìpìlẹ̀ àti ilẹ̀. Fún pílà, ẹnjiníà lè ní kó jẹ́ ọ̀kan, ọ̀kan àbọ̀, mẹ́ta. Ibi tí wọ́n ti ń ba kọnkéré jẹ́ ni omi. Àpò sìmẹ́ǹtì oníkìlógíráàmù 50 kò yẹ kó gbà ju nǹkan bíi lítà 25 lọ, tí yanrìn bá sì tutù, ẹ dín in kù. Ẹ dúró ti agbada ìpòpọ̀ fúnra yín. Tó bá ti ń ṣàn bí ẹ̀kọ, ẹ ní kí wọ́n dúró. Ó rọrùn láti dà báyẹn, àmọ́ ó máa ń sán, agbára rẹ̀ á sì dín kù.

Kọnkéré kì í “gbẹ” kó tó lágbára, omi ló fi ń lágbára. Ẹ bò ó, ẹ máa fi omi rin ín fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Ọjọ́ 28 ni wọ́n sábà máa ń kà kí agbára rẹ̀ tó pé, nítorí náà ẹ má kánjú gbé òrùlé lé òpó.

Tó bá jẹ́ igi lẹ fi ṣe òpó, ẹ má rì í mọ́ ilẹ̀. Ẹ gbé e sórí bàtà irin tí ẹ dè mọ́ kọnkéré, kí ìsàlẹ̀ igi fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kúrò lórí ilẹ̀. Omi á rí ọ̀nà jáde, ikán náà kò ní rí ibi fara pamọ́ sí.

Kí ẹ tó da ilẹ̀

Ẹ dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni mo ti jẹ̀bi rí. Àtíbàbà tí mo kọ́kọ́ bá wọn lọ́wọ́ sí, a da ilẹ̀ rẹ̀, ó dán, ó wuyì, a ya fọ́tò. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni oníná dé, ó wo ilẹ̀, ó wo pèpéle, ó ní, “Páìpù wáyà dà?” Gbogbo wa wo ara wa. Òòlù la fi fọ́ ìlà kan gbọọrọ láti ògiri dé iwájú pèpéle, a tún lẹ̀ ẹ́ pa, àmọ́ àpá náà ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń sán lọ́dọọdún.

Nítorí náà: kí ẹ tó da ilẹ̀, ẹ tẹ́ páìpù wáyà láti ibi tí iná ti ń wọlé dé pèpéle, dé ibi ìkẹ́rùsí, àti dé ibi tí ẹni tó ń darí ohùn máa jókòó sí láàárín èrò. Ẹ tẹ́ páìpù òfìfo kan tàbí méjì kún un tí ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ máa fi ṣe. Ẹ fi okùn sínú rẹ̀ kí wáyà lè rí ohun fà á. Páìpù omi náà, tí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rọ omi. Ẹ wá ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú tépù nílẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ gbẹ́.

Ilẹ̀ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10 lórí òkúta tí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa tó. Kó rọra dagẹ̀rẹ̀ láti ìdí pèpéle lọ sí iwájú, sẹ̀ǹtímítà kan ní mítà kan. Ojú kò ní rí i, àga kò ní yẹ̀, ṣùgbọ́n omi á mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi irin dán an jù. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n fi gbá a nígbà tó ṣì tutù, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀.

Òrùlé àti òjò

Kí etí òrùlé ga tó mítà 3 sílẹ̀. Tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó wuyì nínú fọ́tò, àmọ́ òjò á máa gba ẹ̀gbẹ́ na àwọn tó jókòó.

Òjò tó ga ní mìlímítà kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà omi kan. Òjò mìlímítà 50 lórí òrùlé wa jẹ́ lítà 9,300. Níbo ló ń lọ? Tí ẹ kò bá ní ìdáhùn, ẹsẹ̀ òpó yín ló ń lọ, tàbí àgbàlá aládùúgbò. Ẹ fi gọ́tà gbà á sínú táǹkì tàbí sínú ojú àgbàrá tó ń gbé e jìnnà.

Òjò lórí páànù lásán máa ń pa ohùn onítàn rẹ́ pátápátá. Tí owó bá wà, ẹ fi pákó tàbí ohun tó ń gba ariwo sábẹ́ páànù kó tó gòkè. Ohun tí ẹ bá fi síbẹ̀ lẹ́yìn kì í dára tó èyí tó bá a gòkè.

Ẹsẹ̀ oníjó, ohùn àti iná

Kọnkéré kò ṣeé jó lé lórí títí lọ. Orúnkún ló ń san gbèsè rẹ̀. Pákó ni kí ẹ tẹ́ sórí pèpéle, lórí igi tó ní àlàfo lábẹ́ kó lè mì díẹ̀. Ẹ ri orí ìṣó tí ẹ fi dè é wọnú pákó, torí àwọn tó ń jó láìwọ bàtà.

Ògiri kan ṣoṣo tí mo gbà yín níyànjú lẹ́yìn ti ibi ìkẹ́rùsí ni ti ẹ̀yìn pèpéle. Ó máa ń dá ohùn padà sọ́dọ̀ èrò, ó sì ń dí ariwo mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí sípíkà kọjú síbi tí ilé kò sí, kí ẹ sì kọ wákàtí tí ariwo gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró sára òpó.

Iná tó wà ní orí òṣèré gan-an máa ń sọ ihò ojú di dúdú. Iwájú ni kó ti wá, láti ọ̀tún àti òsì, kó dà gẹ̀rẹ́ sójú wọn. Gbogbo ṣọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ súìṣì tó ń gé iná fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá ń jò sára èèyàn, èyí tí wọ́n kọ mìlíáńpù 30 sí. Kí oníná tó níwèé àṣẹ so férémù irin àti páànù mọ́ wáyà ilẹ̀, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀.

Ilé ìyàgbẹ́: ẹ kọ́ ọ, kó jìnnà díẹ̀, kó ní iná lójú ọ̀nà, kí ọ̀kan tó kéré tán gba kẹ̀kẹ́ aláìlera.

Kí ẹ tó pe èrò

Ẹ da omi sílẹ̀ káàkiri, ẹ wò ó bó ṣe ń lọ. Ibi tó bá dúró sí, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, kí bíríkìlà padà wá tún un ṣe nígbà tí owó rẹ̀ ṣì ń bẹ lọ́wọ́ yín. Ayẹyẹ àkọ́kọ́ kó jẹ́ kékeré, bí ìfidánrawò àwọn ọmọdé, kí ẹ lè rí ohun tí kò tíì tọ́ láìsí àlejò níbẹ̀.

Ẹ yan ẹnì kan tó máa ní kọ́kọ́rọ́ ìkẹ́rùsí àti ẹnì kejì tó máa rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ayẹyẹ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó lò ó san díẹ̀ sínú àpò ìtọ́jú. Gọ́tà ń fẹ́ gbígbá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti láàárín rẹ̀, igi ń fẹ́ ọ̀dà nígbà tí èyí tó wà lára rẹ̀ bá ti ń bó.

Ní ti bóòtì, ẹ ṣe báyìí: ní ọjọ́ tí wọ́n bá dè é pinpin tán, kí ẹnì kan mú ọ̀dà pupa, kó fa ìlà tín-ín-rín kan láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sára irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìjì àkọ́kọ́, ẹ gbé àkàsọ̀ síbẹ̀, kí ẹ wo ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ìlà rẹ̀ bá ti yà kúrò lójú ara wọn, nọ́ọ̀tì náà ti yí. Ẹ dè é padà, kí ẹ fa ìlà mìíràn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.